Polyglot: ìwé ìbẹ̀rẹ̀ fún ẹ̀rọ ṣẹ́ẹ̀sì, àti iṣẹ́ ọwọ́ tí kò lè bá yín ṣe

Stockfish, ẹ̀rọ ṣẹ́ẹ̀sì, orí fóònù lásán lè na grandmaster láìsí ìwé ìbẹ̀rẹ̀ kankan (àkójọ àwọn ìrìn tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ ayò) lọ́wọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé Polyglot, ètò tó ń ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀, sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ pẹ̀lú èrò pé yóò fi agbára kún ẹ̀rọ. Kò ní fi kún un. Irú ayò tí ẹ̀rọ yóò ta ni Polyglot máa ń pinnu: bóyá ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Caro-Kann ni àbí Najdorf, bóyá ọ̀nà kan náà ni yóò máa tọ̀ lójoojúmọ́ àbí yóò máa yà síbí yà sọ́hùn-ún, àti bóyá ẹni tó jókòó sí iwájú rẹ̀ máa bá irú ìbẹ̀rẹ̀ tí àwọn ọ̀ta gidi ń ta pàdé. Fún ẹni tó ń gbára dì fún ìdíje, tàbí ẹni tó ń tọ́jú bọ́ọ̀tì (ẹ̀rọ tó ń dá ta ayò) lórí Lichess, ìkànnì ṣẹ́ẹ̀sì, ohun tó ń wá gan-an nìyẹn. Ní ti iṣẹ́ yẹn, Polyglot dára, ó yára, ọ̀fẹ́ sì ni. Àléébù kan ṣoṣo ló ní tó tóbi, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lò ó kò sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀: kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìrìn tó gbajúmọ̀ àti ìrìn tó dára.

Fabien Letouzey, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló kọ ọ́. Òun náà ló kọ Fruit, ẹ̀rọ tó gbé ipò kejì níbi ìdíje àgbáyé àwọn ẹ̀rọ ṣẹ́ẹ̀sì ní Reykjavik lọ́dún 2005. Iṣẹ́ méjì ni Polyglot ń ṣe. Ó jẹ́ ògbufọ̀ láàárín ẹ̀rọ tó ń sọ èdè UCI àti XBoard, ètò tó ń fi ọpọ́n hàn lójú kọ̀ǹpútà. Ó sì tún ń ka àwọn ayò tí àwọn ènìyàn ti ta sílẹ̀, kó wá sọ wọ́n di ìwé ìbẹ̀rẹ̀ nínú fáìlì .bin. Iṣẹ́ kejì yìí ni à ń yẹ̀ wò níbí, torí òun ló mú kí orúkọ ètò náà wà lẹ́nu gbogbo ẹni tó ń fi ẹ̀rọ ta ayò. Lórí Debian àti Ubuntu, "apt install polyglot" ti tó.

Kí a fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ méjì kó má baà dà rú níwájú. Ìṣísẹ̀ kan ni ẹnìkan ṣoṣo rìn. Ìrìn kan ni funfun àti dúdú rìn tán. Ìrìn 15 jẹ́ ìṣísẹ̀ 30. Àṣìṣe kan ń bọ̀ nísàlẹ̀ tó jẹ́ pé ìyàtọ̀ yìí nìkan ló fà á.

Inú fáìlì .bin

Báìtì 16 ni ìlà kọ̀ọ̀kan nínú ìwé náà. Mẹ́jọ àkọ́kọ́ jẹ́ kọ́kọ́rọ́, ìyẹn nọ́ńbà tó dúró fún bí gbogbo ọpọ́n ṣe rí. Méjì tó tẹ̀ lé e ni ìṣísẹ̀ tí ìwé dámọ̀ràn, méjì mìíràn ni ìwọ̀n rẹ̀, mẹ́rin tó kù sì jẹ́ àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ tí ẹ̀rọ bá kọ́ lẹ́nu ayò. Nọ́ńbà 781 tí wọ́n ti yàn sílẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe kọ́kọ́rọ́ náà: 768 fún ọmọ ayò kọ̀ọ̀kan lójú kọ̀ọ̀kan, 4 fún ẹ̀tọ́ kásìlì (kí ọba àti rúùkù jọ rìn lẹ́ẹ̀kan), 8 fún en passant (jíjẹ pọ́ọ̀nù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fo ojú méjì), 1 fún ẹni tó kàn láti rìn. Kọ́kọ́rọ́ ọpọ́n tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn ni 463b96181691fc9c. Bí ẹ bá ń kọ ètò tiyín tó máa ka ìwé yìí, ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ fi dán an wò nìyẹn. Bí tiyín bá yàtọ̀ pẹ̀lú lẹ́tà kan péré, ẹ má tíì tẹ̀ síwájú.

Ohun tó wù wá jù nínú ètò yìí ni pé ibi tí a dé ni ìwé ń rántí, kì í ṣe ọ̀nà tí a gbà débẹ̀. Yálà 1.d4 Nf6 2.c4 e6 ni ayò bá bẹ̀rẹ̀, tàbí 1.c4 e6 2.d4 Nf6, kọ́kọ́rọ́ kan náà ló máa jáde. Grandmaster tó bá rò pé òun lè yí ìtòlẹ́sẹẹsẹ ìrìn padà láti fi já ẹ̀rọ kúrò nínú ìwé ń da omi sínú agbọ̀n ni. Ìwé oní-mílíọ̀nù-kan ìlà kò ju mílíọ̀nù 16 báìtì lọ, wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ tò ó láti kékeré dé ńlá, nítorí náà nǹkan bí ìgbà 20 péré ni ètò máa yọjú wo inú rẹ̀ kó tó rí ohun tó ń wá. Ìṣẹ́jú àáyá ò ní í kọjá níbẹ̀.

Ṣíṣe ìwé náà

Fáìlì PGN, ìyẹn fáìlì tí wọ́n ń kọ ayò sí, ni ẹ ó kọ́kọ́ wá. The Week in Chess ń gbé ayò àwọn ìdíje ńlá jáde lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, Lichess náà sì ṣí gbogbo ayò rẹ̀ sílẹ̀ fún aráyé. Ẹ má kàn da gbogbo rẹ̀ sínú Polyglot bẹ́ẹ̀. Kò bìkítà fún Elo (nọ́ńbà tó ń fi agbára ẹni tó ń ta ayò hàn), kò mọ̀ bóyá ayò ìṣẹ́jú mẹ́ta ni tàbí ti wákàtí mẹ́rin, bí ayò kan náà bá sì wọlé lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò kà á. Ohun tó ń sẹ́ ẹ ni ètò kan tó ń jẹ́ pgn-extract. Ẹ kọ ìlà méjì yìí sínú fáìlì tí ẹ pè ní tag.txt:

WhiteElo >= "2500"
BlackElo >= "2500"

lẹ́yìn náà:

pgn-extract -D -ttag.txt -ogm.pgn gbogbo.pgn

Lẹ́tà D ń yọ àwọn ayò tó wọlé lẹ́ẹ̀mejì kúrò. Kò sí àyè láàárín -t àti orúkọ fáìlì, bẹ́ẹ̀ náà ni ti -o. Ọ̀pọ̀ ló ti fi àyè sí i tí wọ́n sì ń bú ètò náà. Ìgbà yẹn ni ti Polyglot kàn:

polyglot make-book -pgn gm.pgn -bin gm.bin -max-ply 30 -min-game 5

Ìṣísẹ̀ ni -max-ply ń kà, torí náà 30 túmọ̀ sí ìrìn 15. Bí ẹ kò bá kọ ọ́ rárá, 1024 ló máa lò, ìyẹn ni pé òpin ayò gan-an máa wọ inú ìwé ìbẹ̀rẹ̀. Iye ayò tí ìṣísẹ̀ kan gbọ́dọ̀ ti hàn kó tó wọlé ni -min-game. 3 ló máa ń jẹ́ bí ẹ kò bá sọ nǹkan kan. Cute Chess, ètò mìíràn tó ń gbé ọpọ́n fún ẹ̀rọ, ló wá ń kó àwọn ènìyàn sí ìdààmú níbí, torí pé ìrìn ni bookdepth tirẹ̀ ń kà. Ẹni tó bá kọ 30 síbẹ̀ pẹ̀lú èrò pé ohun kan náà ni yóò rí i pé ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé ìwé ní ìlọ́po méjì ibi tó fẹ́ kó dúró sí.

Ìwọ̀n tó ń tan ni

Bí Polyglot ṣe ń ṣírò ìwọ̀n kò le rárá. Ayò tí ìṣísẹ̀ náà yọrí sí jíjẹ fún ẹni tó rìn ín gba 2, ọ̀mì gba 1, ayò tó pàdánù gba òdo. Ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó parí. Ẹ wo ibi tí èyí gbé wa dé.

Ká ní ìṣísẹ̀ A ti hàn nínú ayò 100: ó jẹ 30, ó ta ọ̀mì 40, ó pàdánù 30. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 100. Ká ní ìṣísẹ̀ B hàn nínú ayò 20 péré: ó jẹ 12, ó ta ọ̀mì 6, ó pàdánù 2. Ìwọ̀n tirẹ̀ jẹ́ 30. Bí ẹ̀rọ bá ń fi ìwọ̀n yan ìrìn, nínú ìgbà 100, nǹkan bí ìgbà 77 ló máa rìn A tó ń mú ìdajì wá, ìgbà 23 ló sì máa rìn B tó ń mú ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wá. Bó bá jẹ́ pé èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ ga jù nìkan ni ẹ ní kó máa yàn, kò ní í rìn B láéláé. Ìrìn tuntun tí grandmaster kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde lóṣù tó kọjá kò rọ́wọ́ mú lójú èyí tí gbogbo ayé ti ń rìn láti ogún ọdún sẹ́yìn, kódà bí tuntun bá ti fọ́ ti àtijọ́ yángá.

-min-score wà fún èyí, ó sì ń ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀. Láti òdo dé 1 ni: -min-score 0.45 máa lé ìṣísẹ̀ tí kò mú ìdá 45 nínú 100 wá dànù. Ẹ ṣe ìwé funfun àti ìwé dúdú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹ tó lò ó, torí funfun máa ń gbà ju ìdajì lọ díẹ̀ nínú ayò àwọn ọ̀ta; ààlà tó bá funfun mu máa le jù fún dúdú. Síbẹ̀, èsì ayò kì í ṣe èsì ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ṣi ìrìn ní ìrìn 50 tó sì pàdánù ti kó òdo bá ìbẹ̀rẹ̀ tí kò jẹ gbèsè kankan.

Àwọn tó ṣe Deep Blue, ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ IBM, mọ èyí dáadáa. Ìwé ìbẹ̀rẹ̀ tí ẹ̀rọ náà gbé wá sí New York lọ́dún 1997, níbi tó ti bá Garry Kasparov, ọ̀gá ayò àgbáyé ìgbà náà, ta ayò mẹ́fà, kò ju nǹkan bí ipò 4,000 lọ. Ọwọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́: Joel Benjamin ló ṣe púpọ̀ jù, Nick de Firmian, John Fedorowicz àti Miguel Illescas sì ràn án lọ́wọ́, grandmaster sì ni gbogbo wọn. Wọ́n ní àkójọ mìíràn tó ti inú ayò 700,000 wá, irú èyí tí Polyglot ń ṣe, àmọ́ kì í ṣe òun ló ń pàṣẹ. Níbi tí ìwé ọwọ́ bá parí sí, àkójọ ńlá yẹn kàn ń fi díẹ̀ kún ìṣirò ẹ̀rọ ni, ó ń tì í sí apá ibi tí àwọn ọ̀ta máa ń rìn sí, ẹ̀rọ ṣì lómìnira láti kọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ tó ń wo ipò 200 mílíọ̀nù ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n fún ní ìwé kékeré bẹ́ẹ̀, ó sì tó.

Ayò kẹfà, lọ́jọ́ 11 oṣù Karùn-ún, fi ìdí rẹ̀ hàn. Kasparov mú dúdú, ó ta Caro-Kann: 1.e4 c6 2.d4 d5 3.Nc3 dxe4 4.Nxe4 Nd7 5.Ng5 Ngf6 6.Bd3 e6 7.N1f3, ó wá rìn 7...h6. Ìrìn tó yẹ kó rìn ni Bd6. Ẹ̀rọ fi ẹṣin jẹ pọ́ọ̀nù e6, 8.Nxe6, ẹṣin náà bá a lọ, ọba dúdú sì há sí àárín ọpọ́n. Ní ìrìn 19, ayò ti parí. Ẹ̀rọ ìgbà yẹn kì í fẹ́ fi ọmọ ayò tó tóbi tó báyìí tọrẹ bí kò bá rí èrè rẹ̀ nínú ìṣirò. Deep Blue kò ní láti rí i. Ìwé rẹ̀ ló ní kó rìn ín.

Ká gbé ayò yẹn wá sọ́dọ̀ Polyglot. Ẹni tó bá mọ ayò kì í sábà rìn 7...h6, nítorí náà ìgbà díẹ̀ péré ni 8.Nxe6 lè hàn nínú fáìlì tí a ti sẹ́ sí Elo 2500. -min-game 5 lè jù ú nù. Ohun ìjà tó mú ẹ̀rọ gba ìdíje náà ni asẹ́ yìí lè dà sílẹ̀. Bí ẹ bá sì dín -min-game kù sí 1 kó lè wọlé, gbogbo pàǹtírí tí ẹnìkan rìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo á tẹ̀ lé e wọlé. Kò sí nọ́ńbà kankan láàárín méjèèjì tó yanjú rẹ̀.

Fífi ọwọ́ ṣe é

Ohun tó gba Polyglot lọ́wọ́ ìyọnu yìí ni merge-book, a ò sì ní ta ètò náà nù níwọ̀n ìgbà tí èyí bá wà níbẹ̀. Ẹ kọ àwọn ọ̀nà tí ẹ ti yẹ̀ wò fúnra yín sí fáìlì PGN méjì, ọ̀kan fún ìgbà tí ẹ̀rọ bá mú funfun, ọ̀kan fún ìgbà tó bá mú dúdú. Lẹ́yìn náà:

polyglot make-book -pgn funfun.pgn -bin funfun.bin -min-game 1 -uniform -only-white
polyglot make-book -pgn dudu.pgn -bin dudu.bin -min-game 1 -uniform -only-black
polyglot merge-book -in1 funfun.bin -in2 dudu.bin -out owo.bin
polyglot merge-book -in1 owo.bin -in2 gm.bin -out ipari.bin

-uniform ń fún gbogbo ìṣísẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Èyí tó wà ní -in1 ló ni àṣẹ: bí ipò kan bá wà nínú méjèèjì, ti -in2 dànù.

Ibi mẹ́ta ni ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀ níbí. Àkọ́kọ́ ni gbígbàgbé -only-white. Bí ẹ bá fi ayò Kasparov yẹn sínú fáìlì láìkọ ọ́, Polyglot á kọ́ ẹ̀rọ ní Nxe6 fún funfun, á sì kọ́ ọ ní h6 fún dúdú, ẹ̀rọ yín á wá máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun tó ba Kasparov jẹ́. Ìkejì ni èsì tó wà lórí PGN. Ìṣísẹ̀ tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ òdo kì í wọlé, -uniform kò sì gbà á sílẹ̀. Bí ọ̀nà tí ẹ yàn fún funfun bá ti inú ayò tí funfun pàdánù wá, ó máa pòórá láìsọ nǹkan kan fún yín. Ẹ kọ 1-0 sí gbogbo ayò inú funfun.pgn, kí ẹ kọ 0-1 sí ti dudu.pgn, láìka ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an sí. Irọ́ ni, àmọ́ irọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ni.

Ìkẹta ló máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu jù. Gbogbo ọ̀nà inú funfun.pgn ló bẹ̀rẹ̀ láti ọpọ́n tí a kò tíì fọwọ́ kàn. Bó bá jẹ́ pé 1.e4 ni gbogbo wọn, a jẹ́ pé ìwé ọwọ́ yín ti pàṣẹ lórí ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́, gbogbo d4, c4 àti Nf3 tó wà nínú gm.bin sì ti bómi lọ. Ẹ ṣe gbogbo làálàá ìwé ńlá, ẹ̀rọ kò sì ní rìn ju 1.e4 lọ. Bí ẹ bá fẹ́ kó máa yí i padà, ẹ kọ àwọn ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ fẹ́ sínú funfun.pgn pẹ̀lú, kódà kó jẹ́ ìṣísẹ̀ kan péré ni ayò náà ní.

Ẹ yẹ ohun tó jáde wò kí ẹ tó gbé e fún ẹ̀rọ. "polyglot dump-book -bin ipari.bin -color white -out wo.txt" máa tú ọ̀nà ìwé náà sílẹ̀ kí ojú lè rí i. Ẹni tó bá gbọ́ Python lè lo chess.polyglot: open_reader ń ṣí ìwé náà, find_all ń kó gbogbo ìṣísẹ̀ tó wà fún ipò kan jáde pẹ̀lú ìwọ̀n wọn.

Nígbà tí ìwé bá dákẹ́

Àròyé tó wọ́pọ̀ jù ni pé ìwé wà níbẹ̀, ẹ̀rọ kò sì kà á. Nínú ọ̀pọ̀ ìgbà, Stockfish ni wọ́n ń bá jà láìnídìí. Stockfish òde òní kò ní OwnBook, kò ní àyè kankan tí a ti lè sọ orúkọ ìwé fún un. Ètò tó gbé ọpọ́n lọ́wọ́ ló gbọ́dọ̀ ka ìwé náà, ìyẹn Cute Chess, Arena tàbí lichess-bot (ètò tó ń so ẹ̀rọ mọ́ Lichess). Ìgbà tí ìwé bá parí nìkan ni yóò tó pe ẹ̀rọ. Bó bá jẹ́ XBoard ni, polyglot.ini ni ẹ ó kọ ọ́ sí: Book = true, BookFile = ipari.bin.

Bí ìwé náà bá ń ṣiṣẹ́ tó wá dákẹ́ ní ibi kan pàtó, ẹ wo kásìlì. Polyglot ń kọ ọ́ bíi pé ọba jẹ rúùkù ara rẹ̀: e1h1 fún apá ọba funfun, kì í ṣe e1g1, e1a1 fún apá ayaba. Ìwé tí ẹnìkan fi ètò tirẹ̀ ṣe, tó kọ e1g1, máa ń gún régé títí dìgbà tí ọba bá fẹ́ wọlé, ibẹ̀ ló máa kú sí. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn tí pọ́ọ̀nù bá fo ojú méjì ni ó ń dákẹ́, en passant ni: kọ́kọ́rọ́ Polyglot kì í ka en passant àfi bí pọ́ọ̀nù ọ̀tá bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó lè jẹ ẹ́. Ètò tó ń kà á nígbà gbogbo á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kọ́kọ́rọ́ tí kò bá ìwé mu láti 1.e4.

Níwájú ẹni tó mọ ìwé yín

Lórí lichess-bot, ibi tí ẹ ó fojú sí ni selection. best_move ń yan èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ ga jù, weighted_random ń fi ìwọ̀n ṣẹ́ gègé, uniform_random kò wo ìwọ̀n rárá. Níwájú ènìyàn gidi, best_move léwu. Ẹni tó bá jẹ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan, tàbí tó rí ọ̀mì tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, á padà wá ta ìrìn kan náà lọ́la, ẹ̀rọ á sì tẹ̀ lé e wọ inú kòtò náà títí tí ìwé á fi parí. Báìtì mẹ́rin tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ yẹn, òfìfo ló máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé, ọ̀pọ̀ ètò kì í sì í wò ó. Lọ́dún 1997, òfin gba àwọn ará IBM láyè láti tún ìwé ṣe láàárín ayò kan sí èkejì. Polyglot fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ fún yín.

Ṣé mímọ ìwé ẹ̀rọ tiẹ̀ ń ran grandmaster lọ́wọ́? Ní Bonn lọ́dún 2006, níbi tí Vladimir Kramnik ti pàdé Deep Fritz, òfin ìdíje náà ní kí wọ́n ṣí ìwé ẹ̀rọ sílẹ̀ fún un. Níwọ̀n ìgbà tí Deep Fritz bá ṣì wà nínú ìwé, Kramnik ń rí i lójú ẹsẹ̀: iye ayò, èsì wọn, ìwọ̀n tí wọ́n fún ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó dà bí ẹni tó ń ta ayò tí ọ̀tá sì na ọwọ́ sílẹ̀ fún un láti ka ọmọ ayò inú rẹ̀. Síbẹ̀, 4–2 ni ẹ̀rọ fi jẹ. Ìwé kọ́ ló pa á lára. Nínú ayò kejì, kò rí Qh7 tó máa pa ọba rẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo.

Ohun tó ń da ẹ̀rọ láàmú ju kí a mọ ìwé rẹ̀ lọ ni kí a gbé e lọ síbi tí ìwé kò ti tọ́ka ọ̀nà. Kasparov fi 1.d3 bẹ̀rẹ̀ ayò kẹta lọ́dún 1997 nítorí èyí, ọ̀mì ló sì rí. Nígbà tó pàdé X3D Fritz ní New York lóṣù Kọkànlá ọdún 2003, ọgbọ́n rẹ̀ tún dára ju ìyẹn lọ. Nínú ayò kẹta, kò sá fún ìwé. Ọ̀nà tí gbogbo ayé mọ̀ ló gbà, Semi-Slav, ó wá fi c5 àti b4 ti ọpọ́n pa. Ìwé ẹ̀rọ tẹ̀ lé e débẹ̀ láìjiyàn, nígbà tí ìwé sì tán, ẹ̀rọ kò mọ ohun tó yẹ kó ṣe lórí ọpọ́n tí kò sí àlàfo, ó kàn ń rìn síwá sẹ́yìn. Kasparov jẹ ẹ́. Ẹ̀rọ ti òde òní mọ irú ọpọ́n bẹ́ẹ̀ ta ju ti ìgbà náà lọ dáadáa, àmọ́ àléébù tó wà nínú ìwé kò yí padà: ìwọ̀n kò sọ fún yín bóyá ipò tí ọ̀nà náà parí sí bá ẹ̀rọ yín mu.

Ibi tí ọ̀nà parí sí ni iṣẹ́ tó kù wà. Ẹ mú ipò ìkẹyìn nínú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tí ẹ fi ọwọ́ yàn, kí ẹ fún Stockfish láti wò ó títí dé depth 30 (bó ṣe ń wo iwájú jìnnà tó). Bó bá jẹ́ ọ̀nà funfun ni, tí nọ́ńbà sì bọ́ sísàlẹ̀ −0.30, ẹ gé ọ̀nà náà kúrò, tàbí kí ẹ dá ìwé dúró ṣáájú ibi tó ti bàjẹ́. Kí ẹni tó ń lo ààlà àtijọ́ kíyè sára: láti Stockfish 15.1, nọ́ńbà náà kì í ṣe iye pọ́ọ̀nù mọ́, +1.00 túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ rí i pé ìdajì ni àǹfààní rẹ̀ láti jẹ. Àwọn ìbẹ̀rẹ̀ tí a ti ń fi pọ́ọ̀nù tọrẹ ló máa ń ṣubú jù nínú ìdánwò yìí. Ìwé fi pọ́ọ̀nù sílẹ̀, ẹ̀rọ jí sí ipò tí kò gbà gbọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọmọ ayò rẹ̀ padà sílé. Ẹni tó bá ti rí i rí kì í gbàgbé.

Ọ̀rọ̀ kan lórí CTG, ìwé ti ChessBase. Ó ń rántí iye tó jẹ, iye ọ̀mì àti iye tó pàdánù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, a sì lè fi àmì sí ìrìn nínú rẹ̀, ohun tí báìtì méjì Polyglot kò lè gbà láéláé. Ní ti ìmọ̀ tó wà nínú ìwé, CTG ló lékè. Àmọ́ fáìlì mẹ́ta tó gbọ́dọ̀ máa rìn pọ̀ ni (.ctg, .ctb, .cto), ilé-iṣẹ́ náà kò ṣí ètò rẹ̀ sílẹ̀, bọ́ọ̀tì yín kò sì ní í rí i kà. Ẹni tó bá ń lo Fritz tẹ́lẹ̀ kò ní ìdí láti kúrò níbẹ̀. Ẹlòmíràn, Polyglot.

Ká fún un ní 7 nínú 10. Mẹ́ta tó kù wà lórí ìwọ̀n, lórí ẹ̀kọ́ tí kì í kọ́, àti lórí merge-book tó ń pa ìṣísẹ̀ rẹ́ láìkìlọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí, ẹ fi ọ̀nà 50 sínú ìwé ọwọ́, kí ẹ lo weighted_random, kí max_depth (iye ìrìn tí ẹ̀rọ máa fi tẹ̀ lé ìwé) má ju 12 lọ. Lẹ́yìn ayò kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀rọ bá jáde kúrò nínú ìwé pẹ̀lú nọ́ńbà tí kò dára, ẹ tún ọ̀nà yẹn ṣe nínú PGN, kí ẹ sì tún pàṣẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin òkè yẹn pa.